Yíyan Microcontroller àti Wíwá Ìdí Àbùkù Rẹ̀: Ìtọ́sọ́nà láti Ara Ẹ̀rọ Tó Ń Ṣọ́ Táǹkì Omi

Ní Kubwa, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ ilé ló ní bọ́hòòlù nínú ọgbà àti táǹkì lórí òpó irin. Bí iná bá dé lóru, ẹnìkan ní láti dìde lọ tan pọ́ńpù. Bí oorun bá sì gbé onítọ̀hún lọ, omi á kún táǹkì, á máa ṣàn dànù títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ táǹkì, tó ń tan pọ́ńpù, tó sì ń pa á fúnra rẹ̀, ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ nínú ìtọ́sọ́nà yìí, nítorí pé gbogbo ohun tó ń yọ microcontroller lẹ́nu ló péjọ sídìí rẹ̀: omi, oòrùn, wáyà gígùn, mọ́tò ńlá, àti iná tí kì í dúró sójú kan.

Microcontroller ni ṣíìpù kan ṣoṣo tí ó ní ọpọlọ tó ń ṣírò, ibi tí ó ń pa kódù mọ́ sí, àti àwọn ẹsẹ̀ irin tí ó fi ń gba ìròyìn, tí ó sì fi ń pàṣẹ. Ohun kan wà tí n kò ní yé tẹnu mọ́ nípa rẹ̀: ṣíìpù fúnra rẹ̀ kì í sábà bàjẹ́. Iná tó ń wọ inú rẹ̀ ni ó sábà ń ní àbùkù. Nítorí náà, ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń bọ́ ṣíìpù dáadáa ti parí ìdajì iṣẹ́ yíyan, ó sì ti parí ohun tó ju ìdajì lọ nínú iṣẹ́ wíwá àbùkù.

Ẹ kọ iṣẹ́ sílẹ̀ kí ẹ tó dárúkọ ṣíìpù

Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù lọ lẹ́nu àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni pé ṣíìpù wo ló lágbára jù. Ẹni tó fẹ́ ra bàtà kì í bèèrè èyí tó tóbi jù nínú ìsọ̀. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ó ń wọ̀n. Ẹ mú bébà, kí ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ ṣe sílẹ̀ pẹ̀lú iye rẹ̀: ìgbà mélòó ni yóò máa wọn omi láàárín ìṣẹ́jú kan, báwo ni wáyà láti táǹkì dé ibi pọ́ńpù ṣe gùn tó, irú iná wo ni yóò máa jẹ, ta ni yóò máa wò ó, ǹjẹ́ ó sì pọn dandan kí ó bá íntánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀?

Lẹ́yìn èyí, ẹ ka ẹsẹ̀ tí iṣẹ́ náà yóò gbà. Sẹ́ńsọ̀ tó ń fi ìró wọn gíga omi yóò gba ẹsẹ̀ méjì, rilé tó ń tan pọ́ńpù yóò gba ọ̀kan, ojú kékeré tó ń fi nọ́ńbà hàn yóò gba méjì, bọ́tìnì yóò gba ọ̀kan, agogo tó ń ké nígbà tí nǹkan bá ṣì yóò gba ọ̀kan. Méje nìyẹn. Ẹ fi mẹ́ta kún un fún ohun tí onílé yóò rántí lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti parí, nítorí pé yóò rántí nǹkan dájúdájú.

Ní ti eré sísá, ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó sanwó fún un. Ìró ń rin nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí táǹkì bá ga ní mítà 2, àlọ àti àbọ̀ ìró náà kò ju ìdá méjìlá nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ṣíìpù tó ń sáré ní 16 MHz (ìyẹn ìlù mílíọ̀nù 16 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) lè ṣe ọ̀pọ̀ ọ̀kẹ́ àṣẹ láàárín àkókò kékeré yẹn. Kò sí ìdí kankan láti wá ṣíìpù tó yára ju bẹ́ẹ̀ lọ fún omi tó ń gùn táǹkì díẹ̀díẹ̀. Mo tún fẹ́ kí ẹ kọ èyí sí bébà náà: sẹ́ńsọ̀ tí omi kì í wọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní JSN-SR04T, kò lè rí ohun tó bá sún mọ́ ọn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 lọ. Ibi tí omi yóò dúró sí nígbà tí táǹkì bá kún gbọ́dọ̀ jìnnà sí ojú rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó máa bá kódù jà lórí ohun tí kì í ṣe ẹjọ́ kódù.

Ṣíìpù wo ló bá iṣẹ́ náà mu?

Fún táǹkì tí kò ní bá íntánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀, ATmega328P ni mo máa ń mú, òun náà ni ó wà lórí àwọn bọ́ọ̀dù Arduino Uno àti Nano. Ibi ìpamọ́ kódù rẹ̀ jẹ́ kílóbáìtì 32, ìrántí tí ó fi ń ṣiṣẹ́ jẹ́ kílóbáìtì 2 péré, ó sì ní kílóbáìtì 1 mìíràn tí kì í gbàgbé ohun tí a kọ sí i bí iná bá tilẹ̀ lọ. Àwọn kan á ní ó ti pẹ́ jù. Ohun tí mo fi ń gbè é ni pé fóltì 5 ni ó lè fi ṣiṣẹ́, nítorí náà ariwo iná díẹ̀ lórí wáyà kò tètè tàn án jẹ bí ó ṣe ń tan àwọn tó ń jẹ fóltì 3.3 jẹ, ó tún ní irú kan tó ní ẹsẹ̀ 28 gígùn, tí a lè kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí a sì fà yọ láìfi iná jó òjé rárá. Fún ẹ̀rọ tó máa wà lábẹ́ òrùlé páànù ní Gwagwalada tàbí Zaria, níbi tí ẹni tó máa tún un ṣe lè má ní ju irin ìjójé kan àti mítà kan tó ń wọn iná lọ, ànfààní ńlá nìyẹn.

Bí onílé bá fẹ́ jókòó sí ọ́fíìsì ní Garki kí ó sì máa wo omi ilé rẹ̀ lórí fóònù, ọ̀rọ̀ yí padà, ESP32 ni kí ẹ mú. Ilé-iṣẹ́ Espressif ní Shanghai ló gbé e jáde ní ọdún 2016. Wi-Fi àti Bluetooth wà nínú rẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ méjì lè sáré dé 240 MHz, ìrántí rẹ̀ sì jẹ́ kílóbáìtì 520. Àmọ́ ó ní èèwọ̀ tirẹ̀, ẹni tí kò bá sì mọ èèwọ̀ náà yóò sọ ọ̀sẹ̀ kan nù. Fóltì 3.3 ni ó ń jẹ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí fóltì 5 láti ara sẹ́ńsọ̀ wọ ẹsẹ̀ rẹ̀ tààrà, ẹ fi rísísítọ̀ méjì pín in. Ẹsẹ̀ 6 sí 11 ni ó fi ń bá ibi ìpamọ́ kódù rẹ̀ sọ̀rọ̀, nítorí náà ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ẹsẹ̀ 34 sí 39 lè gbọ́ ṣùgbọ́n wọn kò lè pàṣẹ, wọn kò sì ní rísísítọ̀ ìfàsókè nínú, èyí tó ń fa ẹsẹ̀ sókè sí fóltì kí ó má bàa léfòó. Apá kejì nínú ibi tó fi ń wọn fóltì, èyí tí ìwé rẹ̀ ń pè ní ADC2, kì í ṣe é lò nígbà tí Wi-Fi bá ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ADC1 ni kí ẹ so sẹ́ńsọ̀ mọ́.

Àwọn tó kù, n kò ní pẹ́ lórí wọn. Raspberry Pi Pico, tó jáde ní oṣù kìíní ọdún 2021, ní ìrántí kílóbáìtì 264, ó sì rọrùn fún ẹni tó fẹ́ fi èdè kódù tí a ń pè ní MicroPython kọ́ iṣẹ́. STM32F103C8 lágbára, ó ń sáré dé 72 MHz, ṣùgbọ́n ayédèrú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà. PIC16F877A ni ọ̀pọ̀ àwa àgbà fi kọ́ iṣẹ́ yìí. Ìrántí rẹ̀ jẹ́ báìtì 368 péré, ó sì nílò ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ kí a tó lè kọ kódù sí i, nítorí náà n kò ní gba ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lónìí nímọ̀ràn láti fi bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ̀rọ yín bá máa wà lóko ní ibi tí kò sí iná, bátìrì ni yóò pinnu ohun gbogbo. Ṣíìpù ESP32 lè sùn wọra débi pé kò ní jẹ ju nǹkan bíi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mílíámpù lọ. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé lẹ́ẹ̀dì pupa orí bọ́ọ̀dù àti ohun tó ń dín fóltì kù lórí rẹ̀ kì í sùn, àwọn ni yóò jẹ bátìrì tán. Ẹ wọn bọ́ọ̀dù tó wà lọ́wọ́ yín gan-an, kí ẹ má ṣe fi iye orí ìwé ṣírò.

Ní ọwọ́ ẹni tó ń tà á

Ní Abuja, àwọn ọjà bíi Emab Plaza àti Banex Plaza ní Wuse 2, fóònù àti kọ̀ǹpútà ló pọ̀ níbẹ̀ ju ṣíìpù lásán lọ. Èmi máa ń ránṣẹ́ sí Èkó, kí wọ́n bá mi fi ẹrù sínú bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ ní Utako. Nítorí ìrìn àjò náà, méjì ni mo máa ń rà nígbà tí iṣẹ́ bá gba ọ̀kan: ìkejì ni n ó fi dán ìkíní wò bí wàhálà bá dé. Ní ọjọ́ tí ẹ bá gbà wọ́n, ẹ so wọ́n mọ́ kọ̀ǹpútà kí ẹ bèèrè orúkọ wọn lọ́wọ́ wọn. ATmega328P tòótọ́ yóò dáhùn pé 1E 95 0F. Èyí tí kò ní lẹ́tà P lẹ́yìn yóò sọ pé 1E 95 14, sọ́fútíwíà Arduino yóò sì kọ̀ ọ́ bí ẹ bá pè é ní 328P. Kì í ṣe ayédèrú, orúkọ ni ẹ ṣì pè.

Oúnjẹ ṣíìpù

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró lé jù lọ nìyí. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ìṣirò ohun tí ohun kọ̀ọ̀kan ń jẹ. Bọ́ọ̀dù Uno ń jẹ nǹkan bíi mílíámpù 50, rilé kékeré onífóltì 5 ń jẹ nǹkan bíi 70, sẹ́ńsọ̀ 30, ojú ìfihàn 20: àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 170. Bí ẹ bá ń lo ESP32, ẹ rántí pé nígbà tí Wi-Fi bá ń ránṣẹ́, ó lè gba ohun tó ju mílíámpù 200 lọ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ohun tó máa bọ́ ọ gbọ́dọ̀ lè fún un ní 500. Ẹ má ṣe ra ṣájà tó kan tó bí ìṣirò ṣe rí. Ẹ ra ìlọ́po méjì.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ooru. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gba fóltì 12 láti ara bátìrì, kí wọ́n sì fi 7805, ṣíìpù kan tó ń dín fóltì kù, sọ ọ́ di 5. Fóltì 7 tó kù kò ní parẹ́, ooru ni yóò dà: fóltì 7 lọ́nà mílíámpù 170 jẹ́ nǹkan bíi wáàtì 1.2. Bí 7805 kò bá ní irin ìtútù lẹ́yìn, wáàtì kan yóò mú un gbóná ní nǹkan bíi dígírì 65 ju afẹ́fẹ́ àyíká rẹ̀ lọ, ìyẹn ni pé tiwa yóò fi nǹkan bíi dígírì 78 ju àyíká lọ. Ní oṣù kẹta, nínú àpótí tí oòrùn ń lù, ooru àyíká yẹn lè tó 40 kí ẹ̀rọ tó tàn rárá. Ẹ ti sún mọ́ 118, bẹ́ẹ̀ 125 ni òpin ohun tí a ṣe é fún. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ tó ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà ọyẹ́ fi ń kú ní ọ̀sán oṣù kẹta tó tẹ̀ lé e. Ẹ lo LM2596, tí òun náà ń dín fóltì kù, dípò rẹ̀, nítorí pé kì í sọ fóltì tó ṣẹ́kù di ooru bẹ́ẹ̀.

Ẹ jó kapásítọ̀ (ohun tó ń pa iná díẹ̀ mọ́) nánófárádì 100 kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ iná ṣíìpù kọ̀ọ̀kan, kí ó sún mọ́ ọn bí ó ti ṣeé ṣe tó. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹ̀rọ náà máa fi SMS ránṣẹ́ nípasẹ̀ SIM800L, bọ́ọ̀dù kékeré tó ń gba káàdì SIM bí fóònù, ẹ wá oúnjẹ ọ̀tọ̀ fún un: láàárín fóltì 3.4 sí 4.4 ni ó ń jẹ, ó sì lè fa ámpù 2 fún ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà tó bá ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Gbogbo oúnjẹ lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n gíráǹdù wọn, ìyẹn wáyà òdì, gbọ́dọ̀ pàdé.

Ẹsẹ̀ ATmega328P kan kò gbọ́dọ̀ gbé ju mílíámpù 40 lọ, 20 ni ó sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn, nítorí náà a kì í so rilé mọ́ ẹsẹ̀ ṣíìpù tààrà. Ẹ fi tiransísítọ̀ bíi 2N2222, tí iná kékeré fi ń tan iná ńlá, sí àárín wọn, pẹ̀lú rísísítọ̀ kílóòmù 1. Rilé kékeré náà kò sì gbọ́dọ̀ gbé pọ́ńpù fúnra rẹ̀ bí a tilẹ̀ kọ ámpù 10 sí i lára, nítorí pé pọ́ńpù máa ń fa ìlọ́po iná tó ń jẹ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra. Kọ́ńtákítọ̀, ìyẹn rilé ńlá tí a ṣe fún mọ́tò, ni kí rilé tan, kí kọ́ńtákítọ̀ tan pọ́ńpù. Apá tí iná fóltì 230 wà, ẹ pa iná rẹ̀ láti orísun kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, bí kò bá sì dá yín lójú, ẹ pe ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà.

Nígbà tí kò bá ṣiṣẹ́

Ẹ̀rọ táǹkì àkọ́kọ́ tí mo ṣe wà lórí tábìlì mi fún ọjọ́ mẹ́ta láìsí àbùkù kankan. Nígbà tí mo gbé e dé ilé tí a ti fẹ́ lò ó, bí rilé bá ti dún, ojú ìfihàn á ṣókùnkùn, ẹ̀rọ á sì bẹ̀rẹ̀ láti orí. Mo pààrọ̀ ṣíìpù lẹ́ẹ̀mejì, mo sì tún apá kan kódù kọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé n kò fi dáyóòdù, ohun tí kì í jẹ́ kí iná gba ju ọ̀nà kan lọ, sí ẹ̀gbẹ́ rilé láti gba iná tó ń ta padà láti inú rẹ̀, wáyà sẹ́ńsọ̀ sì bá wáyà pọ́ńpù gba inú páìpù kan náà. Mo fi dáyóòdù 1N4007 kan sí i, kí ojú rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí iná. Mo fa wáyà sẹ́ńsọ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Mo fi kapásítọ̀ máíkírófárádì 470 sí ibi tí iná ti ń wọlé. Àbùkù náà lọ. Ṣíìpù méjèèjì tí mo ti dá lẹ́jọ́ ikú ṣì ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Láti ìgbà náà ni mo ti ń tẹ̀ lé ètò kan tí n kì í fò.

Ẹ kọ́kọ́ lo ojú, imú àti ìka. Ẹ wo bóyá òjé so ẹsẹ̀ méjì pọ̀, ẹ gbóòórùn bóyá nǹkan jó, ẹ fi ẹ̀yìn ìka kan ṣíìpù: bí ó bá gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ìka kò lè dúró, ẹ pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni mítà. Ẹ má ṣe wọn fóltì lẹ́nu ṣájà. Ẹ wọ̀n ọ́n lórí ẹsẹ̀ ṣíìpù gan-an, lórí ATmega328P ẹlẹ́sẹ̀ 28 láàárín ẹsẹ̀ 7 àti 8, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n nígbà tí rilé wà ní títàn. Bí ṣájà bá sọ pé 5.1 ṣùgbọ́n ti ṣíìpù jẹ́ 4.4, wáyà tín-ín-rín tàbí ojú ìsopọ̀ tí kò múlẹ̀ ni ó jẹ ìyókù. Ẹ rántí pé mítà kò yára tó láti rí fóltì tó bá wọlẹ̀ fún ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. ESP32 máa ń fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́: bí ẹ bá rí «Brownout detector was triggered» lójú kọ̀ǹpútà, ebi iná ló ń pa á, ẹ má ṣe wá kódù.

Bí kọ̀ǹpútà kò bá rí bọ́ọ̀dù rárá, ẹ pààrọ̀ kéèbù ṣáájú ohunkóhun. Púpọ̀ nínú kéèbù olówó pọ́ọ́kú ni wáyà iná nìkan wà nínú wọn. Lẹ́ẹ̀dì á tàn, ọ̀rọ̀ kankan kò sì ní kọjá. Bí kéèbù bá dára, ẹ wo ṣíìpù kékeré tó wà nítòsí ojú USB, bóyá CH340 tàbí CP2102 ni, kí ẹ sì fi sọ́fútíwíà tirẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Bí ó bá rí i ṣùgbọ́n tí ó ń sọ pé «not in sync», ẹ yẹ orúkọ bọ́ọ̀dù tí ẹ yàn wò, ẹ yọ ohunkóhun tó wà lórí ẹsẹ̀ 0 àti 1, bí ó bá sì jẹ́ Nano, ẹ yan bootloader àtijọ́ (kódù kékeré inú ṣíìpù tó ń gba kódù tuntun wọlé). Fún ESP32 tó dúró sórí «Connecting», ẹ tẹ bọ́tìnì BOOT mọ́lẹ̀ títí kódù yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí wọlé.

Ṣíìpù ATmega328P tuntun tí kò sí lórí bọ́ọ̀dù ní ohun kan tó máa ń dẹ́rù ba ènìyàn. Bí ó ṣe ti ilé-iṣẹ́ jáde, 1 MHz ni ó ń sáré. Bí ẹ bá kọ kódù rẹ̀ bíi pé 16 MHz ni, lẹ́ẹ̀dì tó yẹ kí ó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan yóò dúró fún 16, ọ̀rọ̀ tó ń fi ránṣẹ́ yóò sì dà bí ohun tí kò nítumọ̀. Bí ẹ bá sì ti yí ètò rẹ̀ pé kí ó máa wá kirísítàlì (ohun tó ń lu ìlù tí ṣíìpù fi ń sáré) lóde, tí kò sì sí kirísítàlì, yóò dákẹ́ bí òkú. Ẹ fi kirísítàlì 16 MHz sí ẹsẹ̀ 9 àti 10, pẹ̀lú kapásítọ̀ píkófárádì 22 méjì sí gíráǹdù, yóò tún dáhùn.

Bí ó bá gba kódù, ẹ yọ gbogbo ohun tó so mọ́ ọn kúrò, kí ẹ fún un ní kódù tó kàn ń tan lẹ́ẹ̀dì tó sì ń pa á. Ẹ wá dá ohun kọ̀ọ̀kan padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì dúró díẹ̀ láàárín wọn. Ohun tí ẹ bá dá padà tí àbùkù fi padà wá, ìdí rẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ yìí ń sú ènìyàn, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ọ̀nà àbùjá kankan tó jẹ́ òótọ́. Bí ṣíìpù kò bá lè sọ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo èyí, tí ìkejì rẹ̀ sì sọ ọ́ nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà, nígbà náà ni a tó lè sọ pé ó ti kú.

Àbùkù tó ń pẹ́ kí ó tó yọjú

Bọ́tìnì tó ń tẹ ara rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹsẹ̀ tí a kò fà sókè sí fóltì máa ń léfòó, atẹ́gùn ọyẹ́ gbígbẹ sì máa ń kó iná ara sí wáyà gígùn. Rísísítọ̀ ìfàsókè tó wà nínú ATmega328P kò lágbára tó fún wáyà tó ti orí táǹkì sọ̀kalẹ̀; ẹ fi kílóòmù 4.7 kún un lóde.

Ẹ̀rọ tó ń ya wèrè lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, ìrántí rẹ̀ ni kí ẹ wò. Kílóbáìtì 2 kì í pẹ́ kún bí ẹ bá ń fi String, ohun tí Arduino fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀, so ọ̀rọ̀ pọ̀ lemọ́lemọ́. Ẹ fi àwọn ọ̀rọ̀ tí kì í yí padà sínú àmì F() nínú kódù kí wọ́n lè dúró síbi ìpamọ́ kódù, kí ẹ sì tan watchdog, ọdẹ inú ṣíìpù, tó lè dúró dé ìṣẹ́jú àáyá 8 kí ó tó jí ẹ̀rọ tó bá ti sọnù.

Èyí tó pẹ́ jù lọ máa ń yọjú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje. Ohun tí Arduino fi ń ka àkókò, millis, máa ń padà sí òdo lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 49 àti wákàtí 17, nítorí pé nọ́ńbà tó ju 4,294,967,295 lọ kò lè wọ inú rẹ̀. Ẹni tó bá kọ kódù rẹ̀ pé kí ó dúró títí millis yóò fi ju àkókò kan lọ, pọ́ńpù rẹ̀ lè kọ̀ láti tàn ní ọjọ́ náà, tàbí kí ó kọ̀ láti kú. Ẹ yọ àkókò tí ẹ ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ kúrò nínú millis ìsinsìnyí, kí ẹ sì fi ohun tó ṣẹ́kù wé iye tí ẹ fẹ́ dúró. Kí ẹ sì rí i pé unsigned long, irú nọ́ńbà ńlá tí kò ní àmì òdì nínú kódù, ni ẹ fi pa àkókò méjèèjì mọ́.